Ìró Ìbọn Àgbá Nínú Géèmù Ogun Òfuurufú: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Dé Òpin

Ìbọn àgbá kì í dún ní gbalasa òfuurufú. Afẹ́fẹ́ ló máa ń gbé ìró káàkiri. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, ìró kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ní 1660, Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, kọ̀wé nípa aago kékeré kan tó so rọ̀ sínú ìgò, tó wá fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tán ni ìró aago náà ń lọ sílẹ̀, títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣe géèmù ló mọ èyí. Àwọn kan á ní géèmù ṣáà ni, wọ́n á mú ìró ìbúgbàù ńlá kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbọn. Àwọn mìíràn á pa ìró náà kú pátápátá nítorí òótọ́ físíìsì. Ọ̀nà méjèèjì ni mo ti tọ̀ rí. Nígbà tí mo ṣe ti àkọ́kọ́, àbúrò mi obìnrin ni mo gbé géèmù náà fún pé kó dán an wò. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi rẹ ohùn géèmù náà sílẹ̀, tó ní etí ń ro òun. Nígbà tí mo wá pa ìró rẹ̀, ó ní ìbọn náà dà bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè kan ló tú okùn náà fún mi: etí ta ló ń gbọ́ ìbọn yìí, kí ló sì gbé ìró rẹ̀ dé etí náà?

Awakọ̀ wà nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ wà nínú yàrá tó jókòó sí. Egungun irin tí wọ́n de ìbọn mọ́, òun náà ni àga awakọ̀ jókòó lé. Bí ìbọn bá yìn, irin á gbọ̀n, àga á gbọ̀n, ògiri yàrá á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú yàrá á sì gbé e dé etí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970 tí táńkì ọ́síjìn kan bú lára Apollo 13, ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan níta. Yang Liwei, ẹni àkọ́kọ́ tí Ṣáínà fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé lọ sí òfuurufú ní 2003, ròyìn pé òun ń gbọ́ ohun kan tó ń kan ara ọkọ̀ òun, bí ìgbà tí èèyàn bá fi òòlù igi lu korobá irin. Ọ̀rọ̀ korobá irin yẹn ni kí ẹ dì mú. Orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìbọn náà kí ẹ tó fún un lóhùn

Ìbọn tó ń lo ẹ̀tù á yìn dáadáa níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, nítorí ọ́síjìn tí ẹ̀tù fi ń jó wà nínú ẹ̀tù fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é rí. Ibùdó òfuurufú ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Salyut 3, tí wọ́n gbé lọ sókè ní 1974, ní ìbọn àgbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 23, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ bàlúù ogun. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, lẹ́yìn tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n yìn ín láti ilẹ̀. Ìbọn náà kò lè yí fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fojú sun nǹkan, odindi ibùdó náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ yí.

Ìbọn a máa ti ẹni tó yìn ín sẹ́yìn. Lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ wa ló ń gbà á. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ yín wúwo tó tọ́ọ̀nù 20, ọta ìbọn wúwo tó kílò 1, ó ń jáde ní mítà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta kọ̀ọ̀kan á ti ọkọ̀ sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìbọn bá ń yin ọta mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdajì mítà ló ń kún eré àfàsẹ́yìn yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì kékeré láti dúró sí ipò rẹ̀. Ìró tó tọ́ sí yín nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́: lẹ́yìn tí ìbọn bá ti yìn, fùú fẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn àga.

Ohun kejì ni ooru. Kò sí atẹ́gùn tí yóò fẹ́ sí ọ̀pá ìbọn kó tutù. Ńṣe ni ooru á máa rọra tàn jáde lára rẹ̀. Ẹ rántí bí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ṣe ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ọgọ́rùn-ún ọta yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sì máa jìnnà sí èkejì bí ó ṣe ń tutù. N kò tíì fi èyí sínú géèmù kan kí ẹni tó gbá a má bèèrè ohun tó ń dún yẹn.

Èéfín kì í dúró lẹ́nu ìbọn níbẹ̀. Gáàsì á tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, á pòórá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán géèmù yín, kí ojú àti etí má bàa máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan etí

Ibi mẹ́ta ni etí lè wà: nínú yàrá awakọ̀, níta níbi tí kámẹ́rà ń wo ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, tàbí nínú akoto awakọ̀ nígbà tí gíláàsì yàrá bá ti fọ́. Yàrá awakọ̀ ni ìpìlẹ̀. Ẹ ṣe é tán kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kù.

Ní ti kámẹ́rà ìta, ẹ gbọ́dọ̀ pinnu ìdí tí etí fi ń gbọ́ nǹkan. Àwọn tó ṣe Elite Dangerous, tó jáde ní 2014, yanjú rẹ̀ lọ́nà tó wù mí: nínú ìtàn géèmù náà, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń ṣẹ̀dá ìró ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta kí awakọ̀ lè fi etí mọ ibi tí ọ̀tá wà. Bí gíláàsì bá fọ́, ìró yẹn lọ, èémí awakọ̀ àti ìgbọ̀n ọkọ̀ nìkan ló kù. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìró kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti irin. Ìró tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò ní ìgbọ̀n nísàlẹ̀, ni mo máa ń fún kọ̀ǹpútà, kí etí mọ èyí tó jẹ́ ìròyìn àti èyí tó jẹ́ ìfọwọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ẹnu yin ìbọn náà

Kí ẹ tó fọwọ́ kan máìkì, ẹ fi ẹnu yín ṣe ìró náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. N kò sọ èyí láti fi gbé èdè wa ga lásán; irinṣẹ́ ni. Nǹkan róbótó kéré, nǹkan ròbòtò tóbi. Ohùn òkè ń gbé ohun kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ ń gbé ohun ńlá, a sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré láìsí olùkọ́. Àpò sìmẹ́ǹtì tó já bọ́ dún gbì. Ìbọn ọdẹ dún gbàù. Irin fẹ́lẹ́ dún kán-ín. Ẹ̀rọ tó ń yí dún hùn-ùn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wúwo tó, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Ìbọn àgbá ńlá tí mo ṣe kẹ́yìn, báyìí ni mo kọ ọ́ sínú ìwé: kàkà, gbì-ì, jìn-ìn, kẹ́ … kẹ́. Kàkà ni ọta tó wọ ihò rẹ̀, tí irin sì há a mọ́bẹ̀. Gbì-ì ni yíyìn rẹ̀. Jìn-ìn ni ara ọkọ̀ tó ń gbọ̀n. Kẹ́ ni irin tó ń tutù. Ìbọn kékeré tó yára jẹ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ pẹ̀lú hùn-ùn lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ka ìlà méjèèjì sókè fún ẹni tí kò rí géèmù náà rí, á sọ fún yín èyí tó wúwo jù. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un kọ, nítorí bí ẹnu ò bá ti fi ìyàtọ̀ hàn, máìkì náà ò ní fi hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ wá irin

Ìró ìbọn gidi kọ́ ni ẹ nílò jù. Ìbọn gidi tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí pápá kún fún afẹ́fẹ́, igi àti òkè tó ń dá ìró padà, gbogbo rẹ̀ ló sì ń pariwo pé ayé yìí la wà. Irin ńlá tó ń gbọ̀n ni ẹ nílò, etí yín sì gbọ́dọ̀ wà lára irin náà.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n ń ta pẹlẹbẹ piezo níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà rédíò. Pẹlẹbẹ róbótó yẹn náà ló máa ń wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé tó ń dún. Ẹ jó wáyà rẹ̀ mọ́ okùn máìkì, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin dáadáa. Ìgbọ̀n irin ló ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní àdúgbò tiwa, ìbùkún ńlá nìyẹn.

Mo mú tèmi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Rìímù tírélà kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ igi nílé ìwé láti fi ṣe aago. A so ó rọ̀ kó má fara kan ilẹ̀. Mo lẹ pẹlẹbẹ náà mọ́ inú rẹ̀, mo gbé máìkì lásán síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ fi òòlù lù ú. Nínú máìkì lásán, ó dún gan-an-an-an, bí ìgbà tí wọ́n bá lu aago ilé ìwé pé ó tó àkókò oúnjẹ. Nínú pẹlẹbẹ, ó dún gbì, jìn-ìn-ìn, ó wúwo, ó sì ṣókùnkùn, bí ẹni pé orí mi wà nínú rìímù náà. Irin kan náà ni, òòlù kan náà. Ibi tí etí wà nìkan ló yàtọ̀. A tún fi àkísà wé orí òòlù, a lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. A tú àkísà, a lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mìíràn. Èyí tí a fi àkísà lù ni mo lò jù.

Ẹ gbà á ní 96 kHz, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ máa wọn ìró náà nígbà 96,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ̀rọ yín bá lè ṣe é, nítorí ẹ máa fà á sílẹ̀ ní ohùn, kò sì yẹ kó já lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ìkọ́ ilẹ̀kùn géètì, jáàkì mọ́tò, bẹ́líìtì ìjókòó, kọ́kọ́rọ́ tó ń mì nínú ife. Ẹ má ṣe lu sílíńdà tí gáàsì wà nínú rẹ̀ láé, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó bá ní ó ti gbẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tò ó jọ

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ìró tí a sì fi ń tò ó, tó fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ipele mẹ́rin ni mo máa ń tò lé ara wọn. Èyí tó wà lókè pátá ni ìkanra: ohun kíkorò kan tí kò ju ìdá 10 sí 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ (màá máa pe ìdá yìí ní ms), tó wà láàárín 1,000 àti 4,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ká sọ òótọ́, irin ọkọ̀ ì bá ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì kó tó dé etí. Ṣùgbọ́n láìsí i, ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnnì kì í mọ̀ pé ìbọn ti gbọ́. Mo fi sílẹ̀, mo sì rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gidi.

Lábẹ́ rẹ̀ ni gbì. Ẹ ṣẹ̀dá ìró kan tó bẹ̀rẹ̀ ní bí 110 Hz, tó sì já wálẹ̀ sí 45 Hz láàárín 200 ms. Lẹ́yìn náà ni rìímù tí ẹ gbà sílẹ̀: ẹ fà á sílẹ̀ ní òktéfù kan, ìyẹn ni pé kí Hz rẹ̀ di ìdajì, kí ẹ fi low-pass filter gé gbogbo ohun tó bá ju 700 Hz lọ. Ipele yìí ló ń sọ pé inú ọkọ̀ la wà. Ìkẹrin ni àwọn nǹkan kéékèèké inú yàrá, bẹ́líìtì, ife, kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń mì lẹ́yìn ìbọn. Ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ débi pé bí ẹ bá yọ ọ́ nìkan ni èèyàn á mọ̀ pé nǹkan sọnù.

Ẹ má fi reverb (ìró tó ń ta padà láti àyíká) ti ìta gbangba sí i. Ti yàrá kékeré, tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ti tó. Ẹ má sì yọ ara yín lẹ́nu nípa bí ìró ṣe ń pẹ́ kó tó dé: nínú irin, ó ń rin ju mítà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí kò ju nǹkan bí 343 lọ nínú afẹ́fẹ́. Ìbọn tó wà ní mítà 20 sí àga á dé ibẹ̀ láàárín 4 ms. Etí kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò gbá géèmù yín, sìpíkà fóònù ni wọ́n á fi gbọ́ ọ, sìpíkà yẹn kò sì lè gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ 200 Hz dáadáa. Gbogbo gbì tí ẹ fara balẹ̀ ṣe á pòórá, á ku pá. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan nínú ipele gbì, ẹ fi distortion díẹ̀ (ìdàrú ìró) sí i, kí ẹ wá gé ìsàlẹ̀ ẹ̀dà náà kúrò. Ohun tó kù ni àwọn ìró òkè tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìró ìsàlẹ̀ yẹn, ọpọlọ á sì fi wọ́n rò ó pé òun ń gbọ́ ìyá wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, mo tún un tẹ̀ bí ìgbà ogún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbé e wọ inú géèmù

Godot ni mo fi ń kọ́ géèmù, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yàtọ̀ ní Unity tàbí Unreal. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìbọn tó dára ti ń bàjẹ́.

Ìbọn tó ń yin ọta 600 ní ìṣẹ́jú kan ń yin mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí túmọ̀ sí pé 100 ms péré ló wà láàárín ọta méjì. Bí fáìlì yín bá gùn tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró mẹ́wàá á máa gun ara wọn lórí nígbà gbogbo, ohun tí ẹ óò gbọ́ kò sì ju hòò kan tó ń dì mọ́ etí lọ. Ohun tó rẹ etí àbúrò mi nìyẹn. Ẹ gé ìbọn náà sí méjì: orí, tí kò ju 120 ms lọ, tó ń dún fún ọta kọ̀ọ̀kan, àti ìrù, ìyẹn jìn-ìn ara ọkọ̀, tó ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí bọ́tìnnì. Bí yíyìn bá ṣì ń lọ, ẹ fi ìgbọ̀n kan tó ń yí po sábẹ́ rẹ̀ dípò ìrù.

Ẹ ṣe orí márùn-ún tàbí mẹ́fà láti inú lílù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kó wọn sínú AudioStreamRandomizer, ohun èlò Godot tó ń ṣa ọ̀kan nínú wọn yàn, kí ẹ gbé random_pitch rẹ̀, tó ń yí gíga ohùn padà díẹ̀, sí bí 1.04. Ó tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbọn á máa kọrin. Ẹ fi max_polyphony dí iye tó lè dún pọ̀. Mẹ́rin tó fún ìbọn kan.

Ẹ ya àwọn bọ́ọ̀sì ìró, ìyẹn ọ̀nà tí ìró ń gbà kọjá nínú géèmù, sọ́tọ̀: ọ̀kan fún ohun tó ń gba ara ọkọ̀ wá, ọ̀kan fún ohùn kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún èémí àti rédíò awakọ̀. Ẹ fi compressor (ohun tó ń rẹ ìró sílẹ̀) tó ní sidechain (kí ìró mìíràn lè máa darí rẹ̀) sórí bọ́ọ̀sì ara ọkọ̀, kí rédíò máa ti ìbọn sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi limiter, tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá òpin, sí ìparí gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìbọn ọ̀tá àti ọta tó bà yín

Nínú yàrá awakọ̀, ìbọn ọ̀tá kì í dún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù láti ṣe. Ẹ jẹ́ kí iná kọ lókèèrè ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí ọta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì láìsí fìn-ìn kankan. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan ba ara ọkọ̀: gbì! Ẹ̀rù tó wà nínú gbì yẹn, ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló dá a.

Ẹ lu irin yín lákọ̀tun fún èyí. Ìbọn tiyín ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kàkà, nítorí ẹ ti ń retí rẹ̀; ọta ọ̀tá kò ní kàkà, ó kàn dé ni. Ẹ gbé e sí apá òsì, ọ̀tún, iwájú tàbí ẹ̀yìn bó ṣe bà yín, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó jìnnà sí àga ṣókùnkùn sí i: low-pass ní 300 Hz fún ẹ̀yìn ọkọ̀, 1,200 Hz fún èyí tó bà yín nítòsí orí.

Bí gíláàsì bá fọ́, ẹ má ṣe pa ìró lójijì. Afẹ́fẹ́ ń sá jáde. Ẹ jẹ́ kí cutoff_hz (ibi tí low-pass ti ń gé ìró) bọ́ọ̀sì ara ọkọ̀ já wálẹ̀ láti ibi tó wà dé 150 Hz láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, pẹ̀lú fùù atẹ́gùn tó ń tán lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí nínú akoto nìkan ló kù, àti ìgbọ̀n tó ń gba àga wọ egungun ẹ̀yìn awakọ̀. Ẹ jẹ́ kó yin ìbọn rẹ̀ nínú ipò yẹn lẹ́ẹ̀kan. Á mọ̀ ọ́n lára.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìdánwò

Ẹ wọn bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń pariwo tó. Ìlànà tí Sony là sílẹ̀ fún géèmù jẹ́ -23 LUFS (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ń pariwo tó) fún ẹ̀rọ tó ń lo tẹlifíṣọ̀n, -18 fún èyí tí a ń gbé lọ́wọ́. Èmi náà ń tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, lórí sìpíkà ńlá, àti lórí headphone tó dára. Ẹ gbá géèmù náà fún ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Bí ọwọ́ yín bá na síbi tí wọ́n ti ń rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ padà sí orí àti ìrù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí kò bá yín ṣe é. Ẹ gbé headphone sí i létí, ẹ ní kó di ojú, kó máa tọ́ka sí ibi tí ọta ti ba ọkọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá gbà á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ pa fáìlì náà mọ́ síbi méjì, kí ẹ bọ́ sórí ìbọn tó kàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, cutoff iwájú àti ẹ̀yìn ló sún mọ́ra jù. Ẹ fà wọ́n jìnnà síra, kí ẹ tún pè é.